Ọmọ Ta Ni Yóò Wá Ṣe Dókítà Lọ́dọ̀ Wa?

Bíbélì kíkà: Lúùkù 10:25–37

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àdúrà méjì tí ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Èkíní ni èyí tí a máa ń gbà nígbà tí aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ bá kú ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ó yí wa ká. A ó ní kí Ọlọ́run fi dókítà ránṣẹ́ sí wa, dókítà tí yóò fẹ́ràn ìlú, tí kò ní sá lọ. Èkejì ni èyí tí à ń gbà fún ọmọ tiwa tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì. A ó ní kí ó yege, kí ó rí iṣẹ́ sí Ìlọrin tàbí Èkó, kí ọ̀nà Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà sì là fún un. Ìpàdé àdúrà kan náà ni a ti ń gba méjèèjì, nígbà mìíràn láti ẹnu ẹnì kan náà, gbogbo ìjọ a sì ṣe àmín sí i. Bí Ọlọ́run bá wá gbọ́ àdúrà kejì fún gbogbo òbí tí ó ń gbà á, ọmọ ta ni ó kù tí yóò fi dáhùn èkíní?

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Ṣé gbèsè ni ó wà lọ́rùn ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà, pé kí ó lọ ṣe iṣẹ́ náà níbi tí ọ̀nà kò dára, tí iná kò sí, tí àwọn aláìsàn kò sì lówó lọ́wọ́? Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ta ni ó jẹ ẹ́, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sin ín?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí. Obìnrin tí ó bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀ lè kú láàárín wákàtí méjì. Ẹ wo ọ̀nà oko tí ó wọ Ìgbàjà ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ti là á sí méjì. Ẹ ka àkókò tí a ó fi wá ọlọ́kadà tí yóò gbà láti jáde lóru, kí ẹ tún ka èyí tí a ó fi wá mọ́tò tí yóò gbé e dé Ìlọrin. Wákàtí méjì náà ti parí kí a tó rí ẹni tí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nígbà tí a bá sin òkú tán, a ó ní àkókò rẹ̀ ni ó tó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má ṣe máa ka ohun tí ọ̀nà burúkú ṣe sí Ọlọ́run lọ́rùn.

Àwọn kan wà tí ìdáhùn wọn yá. Wọ́n ní gbèsè ni, kò sì ní àríyànjiyàn nínú. Owó tí ọmọ san ní yunifásítì ìjọba kò tó iye tí a ná lé e lórí. Owó ìlú ni a fi dí ìyókù, ti àgbẹ̀ Ìgbómìnà tí kò ní dé ilé ìwòsàn ńlá títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ sì wà nínú owó náà. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó gbé ètò àgùnbánirọ̀ ró láti ọdún 1973 tí ìjọba ti dá a sílẹ̀, títí di òní sì ni àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko kan wà tí ó jẹ́ pé àgùnbánirọ̀ ni dókítà kan ṣoṣo tí wọ́n ń rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ilé aṣojú-ṣòfin ní Abuja ka àbá òfin kan lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí yóò mú kí dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níhìn-ín ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà kí ó tó gba ìwé àṣẹ pípé. Àwọn dókítà fárígá. Wọ́n bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn nìkan ni a ti rántí gbèsè.

Ní tèmi, ìbéèrè wọn tọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ní Abuja kan náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ, wọ́n sì ṣèlérí pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, 15 yóò jẹ́ ti ìlera. Nàìjíríà kò tí ì mú ìlérí náà ṣẹ. Ó ṣòro kí ẹni tí ó jẹ gbèsè tó báyìí máa fi pátákó sin gbèsè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, olùkọ́ ni mo jẹ́, mo sì mọ bí ìgbésípò ti rí. Lẹ́tà lè gbé olùkọ́ lọ sí iléèwé oko. Lẹ́tà kò lè mú un dé ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ara rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò bá ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà ní ìgboro. Àwọn ọmọdé ní kíláàsì mọ ìyàtọ̀ láàárín olùkọ́ tí a kó dà sọ́dọ̀ wọn àti èyí tí ó wá, mi ò sì rò pé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kò mọ̀ ọ́n. Gbèsè wà, mi ò sẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a lè fi ọlọ́pàá gbà.

Àwọn mìíràn kì í dárúkọ gbèsè rárá. Ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ, àti ìfara-ẹni-rúbọ, àwa Onítẹ̀bọmi kò sì ní wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 1907 ni Dr George Green dé sí orílẹ̀-èdè yìí, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú iṣẹ́ náà ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tí gbogbo wa mọ̀ ti dàgbà, òun náà ni ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Ní Ẹ̀gbẹ́, ní ilẹ̀ Yàgbà, tí ó wà nínú Kwara wa kí a tó dá Kogi sílẹ̀ ní ọdún 1991, àwọn ará SIM tí wọ́n dá iléèwé Bíbélì sílẹ̀ ní Ìgbàjà níhìn-ín ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn síbẹ̀, Dr George Campion sì ni dókítà tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń dárúkọ. Ẹni tí ó bá bu ọlá fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣì í ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí a ti ń sọ ìtàn wọn. A ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, tí ó sì dá wọ inú igbó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Dr Green ni ìjọ Onítẹ̀bọmi Gúúsù Amẹ́ríkà wà, níbi tí àwọn obìnrin tí wọn kò mọ apá ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà ti ń dá owó ní ọdọọdún fún iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹnì kan san owó ọkọ̀ ojú omi. Ẹnì kan kọ́ ilé tí dókítà ń gbé. Ẹnì kan ra oògùn, ó sì fi í ránṣẹ́. Bí ọdún bá ti pé iye kan, ó ní àyè láti lọ sinmi nílé, kí àwọn tí ó rán an tún lè rí i sójú. Ìfara-ẹni-rúbọ ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá wá fi Dr Green ṣe àpẹẹrẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a gbé wá sí ìgbèríko Ìfẹ́lódùn, tí a kò fún un nílé, tí kò tí ì gba owó oṣù méjì, tí fìríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀ ti kú nítorí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí Dr Green ṣe. A ń bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ Dr Green rí.

Àpẹẹrẹ kẹta ni mo fẹ́ kí a dúró tì pẹ́ díẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ẹ̀bá ààlà Èkìtì. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá Èkìtìparapọ̀ jagun Kírìjì mọ agbègbè náà dáadáa. Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti Ìlú Ọba, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí ó ń kú ní ìgbèríko, kì í ṣe àrùn àjèjì ni ó ń pa wọ́n. Èèyi ni, àti ìgbẹ́ gbuuru, àti ibà, àti ikọ́ líle, àti òtútù àyà, àti àìrí oúnjẹ tí ń mú ọmọ dàgbà jẹ. Bí ó bá jókòó sí Iléṣà kí wọ́n máa gbé ọmọ wá bá a, àwọn tí ó ti ń kú lọ ni wọn yóò máa gbé wá. Bí ó bá kó ẹrù lọ jókòó sí Ìmẹ̀sí, abúlé kan ti rí dókítà, àwọn tí ó kù kò rí.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ó sì fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, tí wọ́n sì ń fún un ní oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà gbà pé dókítà nìkan ni ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn. Wọ́n ń gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, wọ́n sì ń fi àmì bí ó ti wúwo tó sí orí káàdì kan. Bí àmì náà bá ń gòkè láti oṣù dé oṣù, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sójú kan, ewu ń bọ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Káàdì náà kò gbé ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó wà, nínú àpò ọ̀rá, nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè kúrò lórí káàdì yẹn. Títí di ìgbà náà, ìwé aláìsàn kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ìwòsàn. Iṣẹ́ ìyá ni kí ó gbé ọmọ wá, kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ó sì ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Morley gbé ìmọ̀ dókítà lé obìnrin tí ó ṣeé ṣe kí ó má mọ̀wé kà lọ́wọ́, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a fi Ìmẹ̀sí wé ìlú kan nítòsí tí kò ní irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, a rí i pé ikú ọmọdé dínkù ní Ìmẹ̀sí. Káàdì tí ìwọ ìyá ń mú lọ sí ibi ìgbàbẹ́rẹ́ ọmọ rẹ lónìí, ọ̀kan nínú àwọn àtọmọdọ́mọ káàdì Ìmẹ̀sí ni, irú rẹ̀ sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní ayé.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. A máa ń sọ pé dókítà rere ni èyí tí kò lọ. Morley lọ. Ní ọdún 1961 ó pa dà sí ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyá kò bá a lọ, iṣẹ́ náà sì wà.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣí Lúùkù orí kẹwàá pẹ̀lú èyí lọ́kàn. Gbogbo wa ni a mọ ará Samáríà náà. Àwọn oníwàásù ti yìn ín títí ó fi dà bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà dé ìparí. Ará Samáríà dúró, ó di ọgbẹ́, ó gbé ọkùnrin náà gun ẹran ọ̀sìn rẹ̀, ó sùn tì í lóru ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó san owó sílẹ̀, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò pa dà wá san ìyókù. Ta ni ó wá ń fún aláìsàn lómi mu láti ọjọ́ kejì? Ta ni ó ń pààrọ̀ aṣọ tí a fi di ọgbẹ́? Olórí ilé èrò ni. A kì í wàásù nípa rẹ̀. Kò lórúkọ nínú ìtàn, ará Samáríà náà kò sì lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni a fi ń sọ orúkọ ilé ìwòsàn káàkiri ayé. Bí kò bá sí ilé èrò lójú ọ̀nà yẹn, tàbí bí onílé bá ní òun kò lè gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò, kí ni àánú ará Samáríà ì bá ti já sí?

Àwa ará ìlú ni olórí ilé èrò. Mi ò sọ èyí láti fi dùn létí. Ní ọdún 1994, àwọn obìnrin méjì kan, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé lórí ohun tí ó ń pa aboyún, wọ́n sì tò ó sí ọ̀nà ìdádúró mẹ́ta: ìdádúró kí a tó pinnu nílé pé kí á gbé e lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kẹta nìkan ni ọwọ́ dókítà tó. Èkíní wà nínú ilé wa, níbi tí a ti ń retí kí baálé ti oko dé kí ó tó fọhùn, níbi tí ìyá ọkọ ti ń sọ pé òun bí ti òun láìsí abẹ́rẹ́. Èkejì wà lọ́wọ́ àwa tí a ní mọ́tò, àti ìjọba tí ó ni ọ̀nà. Dókítà tí ó dára jù lọ ní ayé lè jókòó sí Ìgbàjà kí ìdádúró méjì àkọ́kọ́ sì máa pa aboyún ní oko.

Níhìn-ín náà ni ó yẹ kí a ti yẹ ara wa wò nípa àwọn tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa nísinsìnyí. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ní Ọ̀ffà ni ọ̀pọ̀ wa yóò kọ́kọ́ bá bí ara ọmọ bá gbóná lóru. Ó jọ àwọn nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀sí ju bí a ti rò lọ. Kí ni a ń sọ nípa rẹ̀? Pé kì í ṣe dókítà. A ó fò ó kọjá, a ó lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì lọ́wọ́ ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ rárá, a ó sì tún máa gbàdúrà fún dókítà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti fẹ́ dá mi dúró. Yóò ní bí a bá ní kí ìjọba kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà, kí ìlú kọ́kọ́ ṣe ilé, kí oṣù kọ́kọ́ wọlé déédéé kí dókítà tó wá, àwọn tí ó wà lórí ẹní nísinsìnyí yóò ti kú. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, kò sì rọrùn láti fèsì. Ará Samáríà kò bèèrè bóyá àwọn ọlọ́ṣà ti lọ tán kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ewu kò sí. Ní ọdún 2025 ni àwọn agbébọn kọlu Òkè-Ọdẹ, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tiwa yìí, wọ́n sì pa nínú àwọn tí ó ń ṣọ́ ìlú. Ẹni tí ó bá sọ fún dókítà pé kí ó wá sí irú agbègbè bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò sùn ní òru ọjọ́ náà.

Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí a bèèrè ọdún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí. Kò tọ́ kí a bèèrè gbogbo ayé rẹ̀, àfi bí òun àti Ọlọ́run bá ti jọ sọ ọ́. Ó tọ́ kí a bèèrè kí ó kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí ó mọ̀ kí ó tó lọ. Yunifásítì Ìlọrin ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní COBES, tí ó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní ìgbèríko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń pọn omi àti bí a ti ń rin ọ̀nà níbẹ̀ kí wọ́n tó di dókítà. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ibi tí ènìyàn kò dé rí pọ̀ ju ìbẹ̀rù ibi tí ó ti sùn rí lọ. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ìlú bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò bí òun kò bá ní mú nǹkan wá. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wà nínú ètò ìlera alábọ́ọ́dé, ó sì yẹ kí àwọn ará ìlú jókòó nínú rẹ̀, kí wọ́n máa bèèrè iye oògùn tí ó wọlé àti ibi tí ó gbà. Mélòó nínú kíláàsì yìí ni ó mọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ tiwọn?

Kí olùkọ́ kíláàsì fi ọ̀rọ̀ kan síwájú àwọn ará kí wọ́n tó túká, kí ó sì jẹ́ kí àwọn òbí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin rẹ parí ẹ̀kọ́ dókítà. Ó wọlé ní alẹ́, ó kúnlẹ̀ kí ọ, ó sì ní, “Màámi, Bàbámi, wọ́n ń wá dókítà sí ìgbèríko kan ní Ìfẹ́lódùn, kò sí ẹni tí ó fẹ́ lọ, mo sì fẹ́ gbà.” Gbogbo ìjọ kò sí níbẹ̀, pásítọ̀ kò sí níbẹ̀. Kí ni ìwọ yóò wí fún un?